Pẹpẹ Tó Ń Yí ní Igun Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀gá wẹ́dà, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ méje tí ẹ ń gba fírídọ̀mù lónìí, ọ̀nà mi kò jìn. Láti Ṣómólú ni mo ti fẹsẹ̀ rìn wá sí Bàrígà níbí, Márúwá ni mo kàn ń yà fún.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín wá bá mi nílé, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé ka iwájú mi ni "Ọjọ́ Ọ̀la Iṣẹ́ Ọwọ́". Mo ní èmi kì í ṣe babaláwo. Ohun tí mo mọ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù kan tó wà nílé ìdáná ìyá arúgbó kan ní Àkókà, tí èmi àti àwọn méjì kan jọ tún ṣe lọ́dún tó kọjá. Akọ̀wé yín wò mí títí, ó ní, "Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù nìkan?" Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù nìkan. Igun rẹ̀ kan ṣoṣo pàápàá ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ wa níbí, ilé tí yàrá kọjú síra wọn la dàgbà sí. Ilé ìdáná kan ni gbogbo ayálégbé ń lò. Kálukú gbé kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tirẹ̀ ti ògiri, ó sì fi àgádágodo tì í kí ẹnikẹ́ni má baà bu epo òun. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, igun kì í ṣe ìṣòro: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé sítóòfù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ilé ìdáná olóyìnbó, tí kọ́bọ́ọ̀dù gba ara ògiri kan lọ, tó tún yà gba ara ògiri kejì, ibi tí méjèèjì ti pàdé di ihò òkùnkùn. Ká ní igun náà jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gé sí i kò ju 40 lọ. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé èjìká, ọwọ́ yín kò ní kan ògiri ẹ̀yìn. Òwe wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó pa á kò tíì rí igun kọ́bọ́ọ̀dù. Níbẹ̀, ti àgbà pàápàá kò tó pẹpẹ.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n gbé òpó irin kan nàró sáàárín ihò náà, wọ́n fi pẹpẹ róbótó méjì sí i lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ń yí. Ẹ dúró sójú kan, ẹ fi ìka ti pẹpẹ, iyọ̀ tó wà lẹ́yìn á yí wá bá yín. Àwọn Amẹ́ríkà sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Susan Ọ̀lẹ. Orúkọ náà ti wà nínú ìpolówó ọjà kan nínú ìwé ìròyìn Vanity Fair ní 1917, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo ayípo orí tábìlì tí wọ́n fi mahogany ṣe, ní dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 50. Orúkọ yẹn kò dùn mọ́ mi. Obìnrin tó ń dáná fún èèyàn mẹ́jọ, tó ní òun kò ní rá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kí òun tó rí iyọ̀, kí ló fi jọ ọ̀lẹ?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tà á fún yín. Bí a bá gbé róbótó sínú onígun mẹ́rin, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ṣòfò. Pẹpẹ onígun mẹ́rin tó jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, àyè orí rẹ̀ jẹ́ 6,400. Róbótó tí ìbú tirẹ̀ jẹ́ 80 kò ju nǹkan bíi 5,030 lọ. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tí a sọ nù. Àyè yẹn la fi ra kí ọwọ́ lè dé ibi tó yẹ kó dé. Lójú tèmi, a kò rà á wọ́n. Àyè tí ọwọ́ kò dé, ti eku ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí lára nìyí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe jẹun ní Ṣómólú, ẹ sì mọ̀ pé bí a bá yọ ìtẹ̀wé kúrò ní Ṣómólú, orúkọ ló kù. Lónìí kọ̀ǹpútà ló ń to lẹ́tà, ẹ̀rọ Heidelberg tókunbọ̀ láti Jámánì ló ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọṣẹ́, ọwọ́ la fi ń to lẹ́tà òjé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ńlá wà nínú àpótí òkè, lẹ́tà kékeré wà nínú àpótí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré títí dòní ti wá. A àti E wà lábẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ, Ọ àti Ṣ, àwọn tó ní àmì nídìí, tí Yorùbá kò lè sọ gbólóhùn kan kó má lò, igun ni a kó wọn sí, torí pé àwọn tó kan àpótí náà kò mọ̀ wọ́n. Bí mo bá to ìwé ètò ìsìnkú lédè Yorùbá, apá máa ń ro mí ju ìgbà tí mo bá to ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìyá olóògbé kan náà, ojú ìwé kan náà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ti rí ìrora apá yìí ṣáájú mi. Wang Zhen lorúkọ rẹ̀, ìjòyè ìjọba ni ní ilẹ̀ Ṣáínà. Lẹ́tà Ṣáínà kì í ṣe 25 bíi tiwa. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà onígi tó lé ní 60,000, ó sì fi wọ́n tẹ ìwé ìtàn agbègbè tó ń ṣàkóso ní 1298, ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà láàárín ohun tí kò tó oṣù kan. Báwo lèèyàn ṣe máa ń rìn láàárín 60,000 lẹ́tà? Kò rìn. Nínú ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1313, ó ṣàlàyé tábìlì róbótó méjì tó ń yí lórí òpó, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà méje. Ẹni tó ń to lẹ́tà jókòó sáàárín méjèèjì. Ẹnì kejì ń pe lẹ́tà láti inú ìwé, òun ń yí tábìlì sọ́tùn-ún sósì, lẹ́tà ń yí wá bá a. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 600 ọdún tí tẹ̀wétẹ̀wé ti jókòó ti pẹpẹ tó ń yí kí Vanity Fair tó polówó rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sì wo apá mi ọ̀tún.

Ní Ṣáínà yẹn kan náà, ní 1915, dókítà Wu Lien-teh, ẹni tó kojú àjàkálẹ̀ àrùn ní Manchuria, dábàá àwo ayípo sórí tábìlì oúnjẹ, kí abọ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣíbí tirẹ̀, kí ẹnu kan má baà máa kó àrùn ran ẹnu kejì. Bí a bá gbé irú ẹ̀ wá sílé wa lọ́jọ́ ọdún, ta ni kò ní yí ẹran sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ Àkókà. Ìyá náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló gba kọ́bọ́ọ̀dù náà ní tókunbọ̀ ní 1994, nígbà tí wọ́n ń tú ilé ìdáná ẹnì kan palẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún Màmá lọ́jọ́ kan, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi igi ìgbálẹ̀ fa agolo tòmátò jáde nínú igun. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí pẹpẹ náà kò ti yí mọ́. Káfíńtà ti wá wò ó. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tú gbogbo ẹ̀ dànù, pákó MDF tuntun ni mo máa fi ṣe é fún yín." Màmá bi í pé, "Ṣé òpó irin ló bàjẹ́ ni, àbí gbogbo ilé mi?"

Káfíńtà yẹn kì í ṣe oníjìbìtì o. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Igi ló mọ̀, igi ló wò, kò sì rí ohun tó ṣe igi ju pé ó wú díẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ kò sí nínú igi.

Ohun àkọ́kọ́ tí èmi àti òun jọ ṣe ni pé a kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, a sì fetí sí i. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Pẹpẹ tó bá ń dún gbàgà-gbàgà, sukúrù rẹ̀ ló tú. Èyí tó bá ń lọ kíríkírí bí ẹni ń jẹ yanrìn, bẹ́ẹ̀rìn rẹ̀ ni. Èyí tó bá yí dé ìdajì tó dúró gbì, ohun kan ló há sí i lẹ́yìn. Ti Màmá kò tilẹ̀ yí débi tí yóò dún. Mo tan iná fóònù sẹ́yìn pẹpẹ ìsàlẹ̀, mo sì rí ìdérí ìkòkò méjì, omorogùn, sáṣẹ́ẹ̀tì kọ́rì tí kò lóǹkà, àti owó ẹyọ náírà kan ti 1991, àwòrán Herbert Macaulay orí rẹ̀ dojú bolẹ̀ nínú eruku. Àwọn igun mẹ́rin tí mo ní ó ń ṣòfò yẹn ni nǹkan ń bọ́ sí. Nígbà tí a kó wọn kúrò, pẹpẹ yí ìwọ̀n ìdá mẹ́rin kan, ó tún dúró.

A wá rí i pé pẹpẹ ìsàlẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀, ó ń ha ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Òrùka irin kan ló di pẹpẹ kọ̀ọ̀kan mú mọ́ òpó, sukúrù kékeré tí a ń fi L-key tú ló sì há òrùka náà. Bí sukúrù yẹn bá dẹ̀, pẹpẹ á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sára òpó kí ẹ tó tú u, kí ẹ baà lè mọ ibi tí ẹ óò dá a padà sí. Tiwa kò gbà kí a tú u, ìpẹtà ti mú un. Ẹni tó bá ń gbé etí ọ̀sà bíi tiwa mọ bí irin ṣe ń pẹtà níbí. A kán kẹrosíìnì sí i, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Káfíńtà ti na ọwọ́ sí òòlù, mo ní rárá o. Páìpù tó ṣófo ni òpó yẹn. Bí ó bá tẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, sukúrù tú. Òpó náà, ọ̀kan ló wọ inú ìkejì, nítorí náà tí a bá ti dẹ̀ ẹ́ tí a tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, orí rẹ̀ á bọ́ kúrò nínú ihò òkè. A gbé e jáde, a sì rí ìdí rẹ̀. Ife ike kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ìdérí ike omi lọ. Bọ́ọ̀lù irin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti pẹtà, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra bíi kókó inú ẹ̀bà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, epo, ìkòkò irin, gbogbo ohun tí obìnrin yẹn tò sínú igun láti 1994, orí ohun kékeré yìí ló dúró lé. Ẹ rántí òkòtó tí a ń ta lọ́mọdé. Ẹsẹ̀ kan péré ló fi ń pòòyì. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn kán, ẹ wò ó bóyá òkè rẹ̀ á tún wúlò.

Mo gbé e tọ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan lọ ní Bàrígà níbí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi kì í tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe." N kò bá a jiyàn, mo kó nǹkan náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó gbọ̀n ọ́n létí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀rìn lásán ni." Ó wọn ìdí òpó: 25 mílímítà. Kò wo ìwé kankan, ó ní, "6205."

Èyí ló yà mí lẹ́nu, torí pé lẹ́tà ni mo fi gbogbo ayé mi tò, n kò sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀rìn náà ní ìwé kíkà. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti mọ fífẹ̀ ihò àárín. 05 lọ́nà 5 jẹ́ 25. 06 jẹ́ 30. Láti 04 lọ sókè ni ìṣirò yẹn ti ń bá a mu. Àwọn kékeré ní tiwọn lọ́tọ̀, 03 jẹ́ 17, 02 jẹ́ 15. Bí ẹ bá sì rí 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà, rọ́bà ló bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. ZZ, irin ló bò ó. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mú irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ látòkè, tí nọ́ńbà tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 51. Ó ní ìyẹn ló tọ́ lóòótọ́, 51105 ni ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní rọ́bà: "Ilé ìdáná ni, Bàbá. Gàárì á wọ̀ ọ́, omi á wọ̀ ọ́. 6205 náà á gbé ẹrù òkè díẹ̀, ẹrù Màmá kò sì tó nǹkan lójú ẹ̀." Owó tí a fi rà á kò tó owó adìẹ kan.

Bẹ́ẹ̀rìn ti wà, ṣùgbọ́n kò ní ibi ìjókòó. Ibẹ̀ ni a ti ní láti ránṣẹ́ padà sí káfíńtà. Ó mú àjákù ọ̀gànwó kan, ó gbẹ́ ihò oní 52 mílímítà sí i, ó jìn ní 15, kí bẹ́ẹ̀rìn wọ̀ ọ́ ṣinṣin láìlo òòlù. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó wò ó, ó ní kó tún gbẹ́ àárín rẹ̀ jìn díẹ̀ sí i, kí òrùka inú má baà fi ara kan igi, torí òrùka inú ló ń yí, ti òde dúró. Wẹ́dà kan tí kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ òrùka irin mọ́ ìdí òpó kó lè jókòó lórí òrùka inú yẹn nìkan. Níbi tí ìpẹtà ti jẹ òpó, tí kò há mọ́, a fi abala agolo mílíìkì kín in lẹ́yìn. Káfíńtà fẹ́ fi sukúrù mẹ́rin de igi náà mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì ní mẹ́ta, nítorí ilẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà kò tẹ́jú mọ́, ohun tó bá sì dúró lórí mẹ́ta kì í mì. Wọ́n ń fà á títí tí Màmá fi sọ láti ìdí síńkì pé, "Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù." Ó parí.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ la pààrọ̀. Pláìwúùdù oní 18 mílímítà, irú èyí tí omi kì í tètè bàjẹ́, ìṣó kan láàárín, okùn, pẹ́ńsùlù, róbótó ti jáde. A fi fánííṣì bo etí rẹ̀ dáadáa, nítorí etí ni omi ń gbà wọ igi, a sì kan abala tín-ín-rín yí i ká kí ìdérí ìkòkò má tún bọ́ sẹ́yìn. Kí a tó há òpó, a fi okùn ìwọ̀n bíríkìlà wò ó bóyá ó nàró. Ẹni tí kò bá ní okùn ìwọ̀n, kó yí pẹpẹ lófìfo. Bó bá ń padà sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, òpó ti wọ́.

Ẹ má fi òróró ẹ̀pà sí i o. Mo mọ̀ pé òun ló wà nítòsí. Òróró oúnjẹ máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù tó bá pẹ́, aáyán á sì sọ ibẹ̀ di ilé. Gírísì díẹ̀ sí orí òpó, níbi tó ti wọ ihò òkè, ti tó. Bẹ́ẹ̀rìn tó ní rọ́bà, gírísì rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ní ti ẹrù, èyí tó bá wúwo, kó wà nísàlẹ̀, kó sì sún mọ́ òpó. Gálọ́ọ̀nù epo pupa oní lítà márùn-ún tó bíi kílò mẹ́rin àbọ̀. Ẹ gbé mẹ́ta sí etí kan náà, ẹ wo bí òpó ṣe máa wọ́.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó lè má dùn mọ́ àwọn ọ̀gá. Láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yẹn dé ti mẹkáníìkì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí a bá fẹsẹ̀ rìn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti jọ wà ní àdúgbò, wọ́n jọ ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá kan náà, wọn kò bá ara wọn ṣiṣẹ́ rí. Igun kọ́bọ́ọ̀dù ni ògiri méjì ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ méjì ti ń pàdé, kò sì sí ẹni tó pe ibẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọṣẹ́ á lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, á gba fírídọ̀mù, kò sì ní mọ orúkọ irin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ yín ni pé kí ọmọṣẹ́ káfíńtà kọ̀ọ̀kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà kó tó gba ìwé, kí ti mẹkáníìkì náà lọ di pákó mú. Ẹnì kan á ní mo gba oúnjẹ lẹ́nu káfíńtà, pé MDF tuntun ì bá mú owó gidi wá. Òótọ́ ni. Owó tó gbà nínú iṣẹ́ yìí kò tó ìdajì èyí tí ì bá gbà. N kò ní fi àdúrà bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá lọ.

Pẹpẹ náà ń yí báyìí. Ó ṣì ń dún kẹ́ níbì kan tí ó bá ń kọjá lọ́wọ́ òsì, a kò sì mọ ìdí rẹ̀. Màmá ní ká fi í sílẹ̀, pé òun fi ń mọ̀ bí ọmọ-ọmọ òun bá ń wá bísíkíìtì.

Mo mú ìdí àtijọ́ náà dání, òun ló wà nínú ọ̀rá yìí. N óò gbé e fún bàbá tó jókòó sí ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún yìí, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé wọn, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi yí gbọ̀ngàn ká padà sọ́dọ̀ mi. Ẹ rọra dì í mú o, bọ́ọ̀lù mẹ́ta ti ń já nínú rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ẹni tó bá ní ìbéèrè lè bẹ̀rẹ̀.